"Trafficking" kọ́ ni "smuggling": ìyàtọ̀ tó wà láàárín fífi èèyàn ṣòwò àti fàyàwọ́ èèyàn

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà tó máa ń jọ rìn nínú ìròyìn nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tẹ àwọn tó ń kó ọ̀dọ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè: "trafficking" àti "smuggling". Kí ìròyìn náà tó dé etí olùgbọ́ lédè Yorùbá, méjèèjì á ti di nǹkan kan ṣoṣo: "wọ́n ń kó èèyàn". Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan á ní wọ́n ń fi èèyàn ṣe fàyàwọ́, òmíì á ní òwò ẹrú ni. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà Odò-Orí, n'Ìwó, lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, pé òyìnbó ló kàn fẹ́ràn orúkọ púpọ̀.

Orúkọ méjì fún nǹkan méjì ni o. Tí ọmọbìnrin kan bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba lókè òkun, èyí tí wọ́n bá kọ sí fáìlì rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì lè sọ bóyá wọ́n á wá ibi ààbò àti agbẹjọ́rò fún un, tàbí wọ́n á kàn wá àyè fún un nínú bààlú tó ń padà bọ̀ ní Èkó. Nílé níbí náà, ọ̀rọ̀ kan ń sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, èkejì sì lè mú kí aládùúgbò máa wò ó bí ẹni tó rú òfin.

Ọ̀kan jẹ́ òwò, ìkejì jẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìn

Lọ́dọ̀ tiwa, tí èèyàn bá gbọ́ "traffic", súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, irú èyí tí àwọn ará Ìwó máa ń bá pàdé ní Ìwó Road tí wọ́n bá wọ Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé "trafficking" ni gbígbé èèyàn láti ibì kan lọ síbòmíì. Bẹ́ẹ̀, òwò ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nígbà tó kọ́kọ́ wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Láti ara èdè Faransé àti ti Ítálì ni wọ́n ti yá a, ọjà tí wọ́n ń kó láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà, ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú títì tó gba orúkọ náà mọ́ ọjà lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ "trafficking" lójú ọ̀nà, ibi tí kò sí ló ń wò. Inú ọjà ni kó wò.

"Smuggling" ní tirẹ̀, láti apá Netherlands àti Jámánì ló ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kíkó ẹrù wọ̀lú lábẹ́nú láìsan owó bodè ló sì túmọ̀ sí. Èyí kò ṣòro fún wa. Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: fàyàwọ́, ẹni tó fi àyà wọ́lẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i. Ẹni tó bá ti rìn dé Ìdí-Ìrókò, Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ṣakí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrẹsì fàyàwọ́. Ìrẹsì náà kò ní àbùkù kankan, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kò bófin mu.

Tí wọ́n bá wá fi èèyàn sí àyè ìrẹsì, fàyàwọ́ èèyàn nìyẹn. Fífi èèyàn ṣòwò kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹni náà ṣe nígbà tó bá débẹ̀ ló ń sọ.

Palermo, ọdún 2000

Ìjọba àgbáyé náà ti dà wọ́n pọ̀ rí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kan lórí ìwà ọ̀daràn tó ń ti orílẹ̀-èdè kan wọ òmíì, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Palermo ní Ítálì láti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n so ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ àdéhùn náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan dá lórí fífi èèyàn ṣòwò, pàápàá obìnrin àti ọmọdé. Ìkejì dá lórí fàyàwọ́ àwọn tó ń ṣí láti ìlú kan sí òmíì, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀, lójú omi tàbí lójú òfuurufú. Nàìjíríà fọwọ́ sí méjèèjì lọ́dún 2001.

Ìdí tí wọn ò fi kó o sínú ìwé kan ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan náà. Nínú fàyàwọ́, ìjọba tó ni bodè ni wọ́n ṣẹ̀, torí òfin ìwọ̀lú rẹ̀ ni wọ́n rú. Nínú fífi èèyàn ṣòwò, èèyàn ni wọ́n ṣẹ̀, ara rẹ̀, òmìnira rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì jí.

Ká mú un bíi pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ lọ sí Yúróòpù, kò rí físà gbà, ó wá san owó fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ọ̀nà aṣálẹ̀. Wọ́n gbé e gba Kánò, ó gba Zinder, ó dé Agadez, wọ́n kó o sẹ́yìn ọkọ̀ Hilux, ó dé Líbíà. Tí ọkùnrin yẹn bá gba owó rẹ̀ tán, tó já a sílẹ̀ síbi tí wọ́n jọ sọ, tí oníkálukú wọn bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, fàyàwọ́ ni. Ó léwu, ó lòdì sófin, ọ̀pọ̀ ló sì ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó gbé e parí lọ́jọ́ tí ó débẹ̀. Owó ọkọ̀ ni èrè rẹ̀.

Ẹni tó ń fi èèyàn ṣòwò kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá lọ́jọ́ yẹn. Èrè tirẹ̀ wà níwájú: owó tí ọmọbìnrin yẹn máa fi ara rẹ̀ pa, iṣẹ́ ilé tí wọ́n máa fi ṣe é láti ìdájí di òru, owó oṣù tí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀. Òun gan-an tilẹ̀ lè máa sanwó ọkọ̀ fún un, kó ra aṣọ fún un, kó bá a gba pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá rí irú inú rere bẹ́ẹ̀ lára àlejò, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọlọ́jà ti fẹ́ rí owó rẹ̀ padà.

Nǹkan kékeré kan wà níbí tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Ìwé Palermo tó dá lórí fàyàwọ́ ní èrè ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń wí. Ẹni tó bá mú àbúrò rẹ̀ kọjá bodè láìgba kọ́bọ̀ lè jẹ̀bi òfin ìwọ̀lú orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìwé yẹn ń bá wí. Ìwé náà sì sọ pé kí wọ́n má fi ẹjọ́ fàyàwọ́ kan ẹni tí wọ́n gbé, ẹni tó gbé e ni kí wọ́n mú.

Láti Ìwó sí Ìbàdàn ti tó

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé kálukú. Fàyàwọ́ kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí bodè. Ẹnìkan ò lè ṣe fàyàwọ́ èèyàn láti Ìwó lọ sí Òṣogbo, bí ó ti wù kí ọkọ̀ náà kún tó. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi èèyàn ṣòwò láti Ìwó sí Ìbàdàn, láti Ìwó sí Èkó, kódà láti àdúgbò kan sí àdúgbò kejì. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003, tí wọ́n sì tún kọ lákọ̀tun lọ́dún 2015, kò ní kí wọ́n kọjá odò kankan. Ẹni tó gba èèyàn sínú ilé, tó fi pa mọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e.

Ohun mẹ́ta ni ilé ẹjọ́ máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe: ṣé wọ́n wá ẹni náà kiri ni, ṣé wọ́n gbé e, ṣé wọ́n fi fún ẹlòmíì, ṣé wọ́n gbà á sílé? Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ́n tí wọ́n dá: ipá, ìhalẹ̀, ẹ̀tàn, tàbí kí wọ́n rí i pé ebi ń pa á kí wọ́n fi ìyẹn mú un, tàbí kí wọ́n fún ẹni tó ní àṣẹ lórí rẹ̀ lówó. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù, ìdí tí wọ́n fi ṣe é: kí wọ́n lè fi ṣe aṣẹ́wó, kí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ tipátipá, kí wọ́n lè sọ ọ́ di ẹrú, kí wọ́n lè yọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún méjì, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní N250,000.

Tó bá jẹ́ ọmọdé, ìyẹn ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òfin yọ èyí àárín kúrò. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá wọ́n tan ọmọ náà jẹ tàbí wọn ò tàn án. Tí wọ́n bá ti gbé e láti lọ fi jẹun, ó tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹbí, kó lè lọ síléèwé, kó lè kọ́ṣẹ́, kó lè "ríran". Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní òwò ẹrú kò ṣe ẹ̀tọ́. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ n'Ìbàdàn, tó ń fọ abọ́ láàárọ̀ kó tó wọ aṣọ iléèwé, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n òfin 2015 fa ìlà kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ pé ó wà: ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí tó wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún méje ló ń dúró dè é. Òfin náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ màdáámú Èkó nìkan. Ìyá arúgbó tó bá wọn "mú ọmọ wá" láti abúlé, tó gba nǹkan díẹ̀ fún wàhálà ẹsẹ̀ rẹ̀, wà nínú rẹ̀.

Ìtòsí wa náà ni àpẹẹrẹ rẹ̀ wà. Lọ́dún 2003, ọlọ́pàá yọ àwọn ọmọdé tó lé ní 100 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì dá wọn padà sí Orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n ti kó wọn wá. Ẹnìkan lè wí pé fàyàwọ́ ni, ṣebí wọ́n kọjá bodè. Bodè tí wọ́n kọjá kọ́ ló ba ayé àwọn ọmọ náà jẹ́. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ ni, àti owó tó ń wọ àpò ẹlòmíì lórí rẹ̀. Ká ní ọmọ Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n, tí wọn ò kọjá bodè kankan, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ò bá má dín kù.

Ọkọ̀ ojú omi kan, èrò oríṣi méjì

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní etíkun wa níbí lọ́dún 2001. Ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Etireno gbéra ní Kútọnu nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, ó ń lọ sí Gabon. Wọn ò jẹ́ kí èrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Gabon, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ní Cameroon, ọkọ̀ náà wá ń rìn kiri lójú òkun. Ìròyìn gbà á káàkiri àgbáyé pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ẹrú ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó padà gúnlẹ̀ sí Kútọnu lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin, iye ọmọdé tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, àgbàlagbà tó ń wá iṣẹ́ lọ sì pọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe irọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé jókòó ti àwọn ọmọ náà, tí wọ́n bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó hàn pé àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ń kó lọ síṣẹ́ ní Gabon, tí ẹlòmíì ló máa gba owó rẹ̀. Àgbàlagbà tó sanwó ọkọ̀ láti wọ Gabon láìníwèé àti ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ fi ṣiṣẹ́ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, lórí omi kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ti àwọn kan jẹ́ fàyàwọ́, ti àwọn kan jẹ́ òwò. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ nìkan kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, níbi tí ìwé pé, tí físà wà, tí kò sí fàyàwọ́ rárá, síbẹ̀ tó jẹ́ òwò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ẹnìkan ní Lebanon gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sójú Facebook, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù, ó ní òun fẹ́ tà á ní $1,000. Àwòrán pásípọ́ọ̀tù obìnrin náà wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ariwo ta, ìjọba Lebanon sì mú ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kafala, tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá rẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá sá kúrò nílé ọ̀gá, òun ló di arúfin. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi éjẹ́ǹtì, "ṣé físà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó?", tó. Físà lè jẹ́ ojúlówó kí iṣẹ́ jẹ́ ẹrú.

Nígbà tí fàyàwọ́ bá di òwò

Lójú ọ̀nà Líbíà, ọ̀kan máa ń yí padà di èkejì láìsí ẹni tó ké sí èèyàn pé ó ti yí. Ọmọkùnrin tí a mú ní àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan lè sanwó rẹ̀ pé ní Kánò. Nígbà tó bá dé Sabha, awakọ̀ á ní ọ̀gá òun kò fi owó ránṣẹ́, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́ bíríkì, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì tó máa pe àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù láti gba owó ìtúsílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ CNN gbé fídíò kan jáde níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní gbàǹjo ní Líbíà. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ti fẹsẹ̀ ara wọn kúrò nílé, tí wọ́n sanwó fàyàwọ́.

Gbèsè ló sábà máa ń jẹ́ afárá láàárín méjèèjì. Wọ́n á sọ fún ọmọbìnrin pé kó má san nǹkankan báyìí, tó bá débẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ san án. Yorùbá mọ nǹkan tó jọ èyí láyé àtijọ́, ìyẹn ìwọ̀fà. Ẹni tó jẹ gbèsè lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì ní lọ títí tí owó fi máa pé. Kò dára, kò sẹ́ni tó ń ṣàárò rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ilé ló mọ iye tí wọ́n yá, wọ́n mọ ilé tí ìwọ̀fà wà, iye gbèsè náà kì í sì í yí padà. Gbèsè ti ìsinsìnyí kò ní ìdí. Wọ́n á fi owó oúnjẹ kún un, wọ́n á fi owó yàrá kún un, wọ́n á fi owó ìtanràn kún un tó bá ṣàìsàn tí kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbà pé òun jẹ €1,000 lè débẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé €35,000 ni.

Àwọn kan tún máa ń fi ìbúra dè wọ́n mọ́ gbèsè yìí, kí wọ́n má baà sá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Edo, pe àwọn babaláwo jọ sí ààfin, ó tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀, ó sì fi àwọn tó bá tún ń mú ọmọ búra gégùn-ún. Ìbúra yẹn ni ìdí kan tí obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Yúróòpù á fi dákẹ́ tí ọlọ́pàá bá ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, tàbí tí á fi máa sọ pé "èmi ni mo wá fúnra mi".

"Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ni" jẹ́ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ nílé náà, wọ́n á sì fi pa ẹjọ́ dé. Nínú fàyàwọ́, òótọ́ ni, ẹni náà gbà láti lọ. Nínú fífi èèyàn ṣòwò, gbígbà yẹn kò jẹ́ nǹkankan lójú òfin tí ẹ̀tàn tàbí ipá bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbà láti lọ ṣe irun ní Ítálì kò tíì gbà láti lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lóru.

Orílẹ̀-èdè Niger fi hàn bí òfin méjèèjì ṣe dá dúró tó. Lọ́dún 2015, wọ́n ṣe òfin tó lòdì sí fàyàwọ́ àwọn tó ń ṣí lọ. Àwọn awakọ̀ Agadez tó ń gbé èrò ní gbangba tẹ́lẹ̀ dẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú aṣálẹ̀ tó jìn, tí omi kò sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ológun ibẹ̀ fagi lé òfin náà. Àwọn kan gbọ́ ọ n'Nàìjíríà, wọ́n ní "Niger ti ní kí wọ́n máa ta èèyàn". Irọ́ gbuu ni. Òfin fàyàwọ́ ni wọ́n pa rẹ́. Èyí tó lòdì sí fífi èèyàn ṣòwò, tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 2010, jẹ́ ìwé ọ̀tọ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè fà níwájú ògbufọ̀

Ní ilẹ̀ Bírítéènì, tí wọ́n bá fura pé wọ́n fi ẹnìkan ṣòwò, ètò kan wà láti ọdún 2009 tí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè rí ilé ààbò àti ẹni tó máa dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń wádìí. Ẹni tí wọ́n kàn gbé wọlé ní fàyàwọ́ kò sí nínú ètò yẹn. Òfin ìwọ̀lú ló máa bá sọ̀rọ̀.

Ká wá wò ó: obìnrin Yorùbá kan jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ògbufọ̀ wà láàárín wọn. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni kan ló kó mi wá, mo sanwó fún un." Tí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ tán, tí kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó dé, fáìlì ti di "smuggling". Bẹ́ẹ̀ ọdún méjì tó fi ṣiṣẹ́ nílé ẹnìkan láìgba owó wà níwájú, kò tíì dé ẹnu rẹ̀. "Kó" nínú èdè wa gba méjèèjì mọ́ra, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà sì kọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ta ló ń gba owó iṣẹ́ rẹ, ta ló mú pásípọ́ọ̀tù rẹ sọ́wọ́, ṣé o lè jáde nígbà tó bá wù ọ́, èló ni wọ́n ní o jẹ.

Ní Nàìjíríà, òfin 2015 ní kí wọ́n má fi ẹni tí wọ́n fi ṣòwò sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe, ó lè pe ẹni tó fi í ṣòwò lẹ́jọ́ láti gba owó gbà-má-bìnú, àpò owó kan sì wà tí òfin dá sílẹ̀ fún irú wọn. Àjọ NAPTIP ló ń rí sí fífi èèyàn ṣòwò. Fàyàwọ́ èèyàn wà nínú òfin ìmígíréṣọ̀n, tí òun náà jẹ́ ti ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ló sì ń bójú tó o.

Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, ni wọ́n ti ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọ̀dọ́ má wá oko ìwájẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbéra, ìbéèrè wà tó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó fẹ́ mú un lọ. Ṣé ó ní ìwé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Kí ni orúkọ ọ̀gá tó fẹ́ lọ bá, níbo ló ń gbé? Èló ni owó oṣù, àpò owó báńkì ta ni wọ́n á máa san án sí? Tó bá jẹ́ pé éjẹ́ǹtì ló máa kọ́kọ́ gba owó oṣù mẹ́ta, tàbí ọdún kan, kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ará tó wà nínú irú wàhálà yìí, tàbí tó fura sí ilé kan ládùúgbò, lè pe NAPTIP lórí 627. Àjọ náà ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo fún àwọn tó wà ní agbègbè Ìwó. Kò pọn dandan kí ẹni tó pè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Kó sọ orúkọ tàbí ìrísí ẹni náà, ibi tó rí i kẹ́yìn, ẹni tó mú un lọ, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń pè é. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, kó sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo.